Ta ló ń ti ìmọ́lẹ̀ lẹ́yìn nísàlẹ̀ òkun? Ìdáhùn fún òǹkàwé kan ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń pín Wi-Fi fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Under G, lẹ́bàá LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́, ló kọ̀wé sí mi báyìí:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Họ́sítẹ́ẹ̀lì kan wà tí Wi-Fi mi kì í dé yàrá ẹ̀yìn rẹ̀. Mo ra rípítà kan sí àárín, Wi-Fi dé ibẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n eré rẹ̀ já wálẹ̀ sí ìdajì. Mo wá gbọ́ pé rípítà ló kún inú kébù abẹ́ òkun tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì láti Pọ́rtúgàl wá sí Èkó. Bí rípítà kan ṣoṣo bá jẹ ìdajì, kí ni gbogbo ìyẹn máa ṣẹ́kù fún wa? Kí ló dé tí wọn ò kúkú fi lésà alágbára kan tàn án láti ìbẹ̀rẹ̀ kó dé òpin? Iná wo ni àwọn rípítà náà ń lò nísàlẹ̀ òkun níbi tí NẸ́PÀ ò sí? Ṣé àwọn náà ló sì ń fa ìdádúró tí àwọn tó ń gbá géèmù fi ń bú mi lálaalẹ́?"

Àbúrò mi, o ṣeun. Èyí tó dá lórí lésà alágbára ni mo máa kọ́kọ́ mú, torí ẹni tó bá mọ ìdí tí kò fi lè ṣiṣẹ́ ti mọ ìdí tí gbogbo ìyókù fi rí bó ṣe rí.

Gíláàsì ni ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà nínú fáíbà, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ inú kébù náà tó ń gbé dátà bí ìmọ́lẹ̀, kò sì sí gíláàsì tí kì í gbé ìmọ́lẹ̀ mì díẹ̀díẹ̀. Ní 1966, Charles Kao àti George Hockham, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìdọ̀tí inú gíláàsì ló ń pa ìmọ́lẹ̀ jù, kì í ṣe gíláàsì fúnra rẹ̀. Wọ́n ní bí a bá lè sọ ọ́ di mímọ́ débi tí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ á fi ṣẹ́kù lẹ́yìn kìlómítà kan, a lè fi í gbé ọ̀rọ̀ tẹlifóònù. Ní 1970, ilé iṣẹ́ Corning ní Amẹ́ríkà ṣe é, ó tilẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Kao gba ẹ̀bùn Nobel nítorí iṣẹ́ yìí ní 2009. Fáíbà tòní ti wá mọ́ gaara débi pé ohun tí ìmọ́lẹ̀ ì bá pàdánù ní kìlómítà kan nígbà náà, ó di 100 kìlómítà kó tó pàdánù rẹ̀.

Mú un sí ojú títì tiwa. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Ọ̀yọ́ jẹ́ nǹkan bí 50 kìlómítà. Bí a bá na fáíbà dáadáa kan láàárín ìlú méjèèjì, tí a sì tan lésà sínú rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìdá kan nínú mẹ́wàá ìmọ́lẹ̀ náà ló máa dé Ọ̀yọ́. Tó bá fi máa dé Ìbàdàn, ní bí 100 kìlómítà, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ló kù. Ìyẹn ṣì dára púpọ̀, ẹ̀rọ tó wà ní Ìbàdàn á kà á láìsí wàhálà. Àmọ́ ṣàkíyèsí bí àdánù náà ṣe ń lọ: kì í ṣe pé a ń yọ iye kan náà kúrò ní ibùsọ̀ kọ̀ọ̀kan. Gbogbo 50 kìlómítà ló tún ń pín èyí tó kù sí mẹ́wàá, tó sì ń kó mẹ́sàn-án lọ.

Gbé ìṣirò yẹn wọ inú òkun. Mú lésà tí agbára rẹ̀ jẹ́ mílíwáàtì 1. Ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo, nǹkan bí 7,800,000,000,000,000 ẹyọ ìmọ́lẹ̀, èyí tí àwọn onímọ̀ físíìsì ń pè ní fótọ́ọ̀nù, ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Tan án láti etíkun Èkó sí ìhà ìwọ̀-oòrùn. Ní 800 kìlómítà, nígbà tó bá fi máa sún mọ́ ọ̀kánkán Abidjan, ohun tó ń dé ibẹ̀ kò pé fótọ́ọ̀nù kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Pọ́rtúgàl ṣì jìn ju 6,000 kìlómítà lọ sí ibẹ̀.

Wàyí o, fi lésà ńlá rẹ rọ́pò èyí. Gbogbo 50 kìlómítà tí o bá fẹ́ fi kún ọ̀nà, o ní láti sọ agbára lésà di ìlọ́po mẹ́wàá. Kí mílíwáàtì 1 tó lè ṣẹ́kù ní 500 kìlómítà, lésà mẹ́gáwáàtì 10 lo nílò ní ìbẹ̀rẹ̀, inú àárín gíláàsì tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mílímítà lo sì máa gbà á kọjá. Wáàtì díẹ̀ péré níbi tóóró bẹ́ẹ̀ ti tó kí ìdọ̀tí kékeré kan dáná ran gíláàsì náà, kí iná ọ̀hún sì máa jó padà lọ síhà lésà tó ń bọ́ ọ. Ojú ọ̀nà lésà alágbára ti dí níbẹ̀. A ní láti máa gbé ìmọ́lẹ̀ dìde bó ṣe ń lọ.

Ibí yìí ni rípítà tìrẹ àti ti inú òkun ti pínyà. Èyí tí o rà, bó bá jẹ́ irú tó wọ́pọ̀ lọ́jà, ń fi rédíò kan ṣoṣo ṣiṣẹ́. Ó ní láti dákẹ́ kó gbọ́ ohun tí ráútà sọ, kó tó tún un sọ fún fóònù tó wà ní yàrá ẹ̀yìn, ojú òfuurufú kan náà ló sì ń lò fún méjèèjì. Nígbà tó ń gbọ́, kò lè sọ. Nígbà tó ń sọ, kò lè gbọ́. Ìdí nìyẹn tí eré fi pín sí méjì.

Àwọn kébù onífáíbà àkọ́kọ́ nínú òkun náà lo rípítà tó ń gbọ́ kó tó sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti wọn kì í jẹ ìdajì. TAT-8, tó so Amẹ́ríkà pọ̀ mọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ní 1988, ni fáíbà àkọ́kọ́ tó la Òkun Àtìláńtíìkì já. Nínú rípítà rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tó ti rẹ̀ máa ń di iná mànàmáná, ẹ̀rọ á kà á bóyá 1 ni tàbí 0, lésà tuntun á sì tún un kọ ní ìmọ́lẹ̀. Ohun rere kan wà nínú èyí tí mi ò fẹ́ kó o fojú fò: gbogbo ìdọ̀tí tó bá ti dà mọ́ dátà lójú ọ̀nà ni wọ́n ń fọ̀ dànù níbẹ̀. Àmọ́ eré kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ náà mọ̀, 280 mẹ́gábíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan lórí fáíbà méjì tó ń lọ tó ń bọ̀. Bí àwọn tó ni í bá fẹ́ kó yára jù bẹ́ẹ̀, àfi kí wọ́n kó gbogbo rípítà jáde kúrò nínú òkun. Bí ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ kejì bá sì fẹ́ gba inú fáíbà kan náà kọjá, ó ní láti ní ẹ̀rọ tirẹ̀ nínú gbogbo rípítà.

Ohun tó tú wa sílẹ̀ nínú ìgbèkùn yẹn ni mẹ́táàlì kan tó ń jẹ́ erbium. Ní 1987, David Payne àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Southampton, àti Emmanuel Desurvire pẹ̀lú àwọn tirẹ̀ ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé bí a bá po ìwọ̀nba erbium mọ́ gíláàsì fáíbà, fáíbà náà fúnra rẹ̀ lè di amplifáyà ìmọ́lẹ̀. Lésà kékeré kan tí gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 980 nánómítà, èyí tí ojú ènìyàn ò lè rí, ló máa ń bọ́ àwọn átọ̀mù erbium ní agbára. Wọ́n á gbé agbára yẹn mọ́ra fún nǹkan bí 10 mílísẹ́kọ́ǹdì. Bí ìmọ́lẹ̀ tó gbé dátà, tí tirẹ̀ wà láàárín 1,530 sí 1,565 nánómítà, bá kan átọ̀mù tó ti yó báyìí, átọ̀mù náà á tú agbára rẹ̀ sílẹ̀ bí ìmọ́lẹ̀ tuntun, tí àwọ̀ rẹ̀, ibi tó kọjú sí, àti bí ìgbì rẹ̀ ṣe ń lọ sókè sódò bá ti èyí tó kàn án mu láìyẹ̀. Fótọ́ọ̀nù kan wọlé, méjì jáde, méjì á di mẹ́rin. Albert Einstein ló ti ṣàlàyé ní 1917 pé irú nǹkan báyìí lè ṣẹlẹ̀ láàárín ìmọ́lẹ̀ àti átọ̀mù. Nínú fáíbà onierbium tó jẹ́ bíi mítà mẹ́wàá sí ogún péré, ìmọ́lẹ̀ tó ti kú tán lè di ìlọ́po ọgọ́rùn-ún.

Ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tó máa ń wú mi lórí títí di òní. Nǹkan bí 1,550 nánómítà ni gíláàsì ti ń jẹ ìmọ́lẹ̀ kéré jù lọ. Ibẹ̀ gan-an ni erbium ti ń ṣiṣẹ́. Kò sí ẹ̀dá kan tó ṣètò kí méjèèjì ṣe déédéé bẹ́ẹ̀; bí a ṣe dá wọn ni. Ká ní erbium ń tàn níbòmíràn ni, íntánẹ́ẹ̀tì tí à ń lò yìí ì bá rí ọ̀tọ̀.

Amplifáyà yìí, tó wá rọ́pò ẹ̀rọ àtijọ́ nínú rípítà, kì í ka dátà. Kò mọ̀ bóyá WhatsApp ló ń kọjá tàbí owó tí báǹkì ń fi ránṣẹ́, kò mọ ibi tí 1 parí sí tí 0 ti bẹ̀rẹ̀. Mílísẹ́kọ́ǹdì 10 tí erbium fi ń di agbára mú gùn gan-an lẹ́gbẹ̀ẹ́ eré dátà: lórí ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ kan tó ń gbé 10 gígábíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan, 100 mílíọ̀nù bíìtì, ìyẹn àwọn 1 àti 0 wọ̀nyẹn, ti kọjá lọ láàárín àkókò yẹn. Nítorí náà, erbium kì í bá bíìtì kọ̀ọ̀kan fò sókè sódò. Àpapọ̀ wọn ló ń rí, ó sì ń gbé gbogbo rẹ̀ ga ní ìwọ̀n kan tí kì í mì. Bí àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ 80 bá jọ ń gba inú fáíbà kan lọ, amplifáyà kan ṣoṣo ló ń gbé gbogbo wọn ga pa pọ̀. TAT-12/13, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1996, wà lára àwọn kébù àkọ́kọ́ tó fi irú amplifáyà yìí la òkun já. Nígbà tí kébù SAT-3 fi máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó ní 2002, òun ni wọ́n ń lò. Gígábíìtì 120 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni wọ́n fi ṣe ètò SAT-3. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, wọ́n gbé e kọjá 300 nípa pípààrọ̀ ẹ̀rọ tó wà létíkun nìkan, àwọn rípítà wà níbi tí wọ́n wà nínú òkun. Nítorí náà, àbúrò mi, rípítà inú òkun kì í jẹ ìdajì eré rẹ. Kì í jẹ nǹkan kan nínú eré.

Ìmọ́tótó ló ń jẹ.

Fara balẹ̀ síbí, torí òun ni kókó iṣẹ́ wa. Kì í ṣe gbogbo átọ̀mù erbium tó ti yó ló ń dúró de dátà. Àwọn kan máa ń tú agbára wọn sílẹ̀ fúnra wọn, nígbà tí kò sí ohun tó kàn wọ́n, ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n bá sì tú sílẹ̀ báyìí kò jẹ́ iṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Ariwo ni à ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé etí ò gbọ́ ọ. Díẹ̀ nínú rẹ̀ á bọ́ sójú ọ̀nà kan náà pẹ̀lú dátà. Amplifáyà tó kàn á gbé ariwo yẹn ga pẹ̀lú dátà láìṣe ojúsàájú, á tún fi tirẹ̀ kún un. Kì í ṣe àìmọṣẹ́ ẹni tó ṣe amplifáyà ló fa èyí. Òfin físíìsì ni: amplifáyà tó bá gbé ìmọ́lẹ̀ mímọ́ gaara ga púpọ̀, bó ti wù kí wọ́n ṣe é dáadáa tó, ìmọ́tótó ìmọ́lẹ̀ náà á dín kù sí ìdajì, ó kéré tán.

Ronú sí òde àríyá kan tí jẹ́nẹ́rétọ̀ ń bú nítòsí, tí olórin sì jìnnà sí máìkì. Gbé fólúùmù sókè bó o ṣe fẹ́: ohùn olórin á ga, jẹ́nẹ́rétọ̀ náà á ga. Kò sí bọ́tìnnì kan lára amplifáyà tó lè yà wọ́n sọ́tọ̀ mọ́. Ohun kan ṣoṣo tó lè gba olórin là ni kí máìkì sún mọ́ ẹnu rẹ̀, kó gba ohùn náà kó tó rẹ̀ sínú ariwo.

Bákan náà ni ti òkun: a gbọ́dọ̀ gbé ìmọ́lẹ̀ ga kó tó rẹ̀ jù. Jẹ́ ká ṣírò rẹ̀, torí ìṣirò náà rọrùn. Ká ní a fẹ́ na fáíbà 5,000 kìlómítà, ìmọ́lẹ̀ sì ń di ìdá kan nínú mẹ́wàá ní gbogbo 50 kìlómítà. Ẹlẹ́rọ àkọ́kọ́ ní òun ò fẹ́ rípítà púpọ̀, ó fi ọ̀kan sí gbogbo 100 kìlómítà. Rípítà 50 nìyẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní láti gbé ìmọ́lẹ̀ di ìlọ́po 100. Ariwo tí amplifáyà kan ń dá sílẹ̀ ń bá ìlọ́po rẹ̀ lọ, ká yọ ẹyọ kan kúrò: 99. Ní àádọ́ta ìgbà, ariwo rẹ̀ jẹ́ 4,950. Ẹlẹ́rọ kejì fi rípítà sí gbogbo 50 kìlómítà. Tirẹ̀ di 100, àmọ́ ìlọ́po 10 péré ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbé, ariwo ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ 9. Ní ọgọ́rùn-ún ìgbà, 900 ni. Ó lo ìlọ́po méjì rípítà, ariwo rẹ̀ kò sì tó ìdá kan nínú márùn-ún ti ẹnì kejì rẹ̀.

Wo bí èyí ṣe yí ìbéèrè rẹ padà. O rò pé bí rípítà bá ṣe pọ̀ tó ni dátà máa bàjẹ́ tó. Nínú òkun, ìwọ̀nba rípítà tó jìnnà síra ló ń ba dátà jẹ́. Èyí tó pọ̀ tó sì súnmọ́ra ló ń dáàbò bò ó. Ẹni tó bá ní lésà alágbára kan àti amplifáyà ńlá kan ní òpin lòun fẹ́, ibi tí ariwo ti pọ̀ jù ló yàn láìmọ̀.

Bí a bá fi rípítà sí gbogbo 10 kìlómítà, ariwo á tún lọ sílẹ̀ dé bí 290. Kí ló wá dé tí a kì í ṣe bẹ́ẹ̀? Àpótí 500 nísàlẹ̀ òkun ni, gbogbo wọn ló sì gbọ́dọ̀ jẹun. Torí bẹ́ẹ̀, àárín 60 sí 100 kìlómítà ni ọ̀pọ̀ kébù ń fi sáàárín rípítà kan sí èkejì.

Nǹkan méjì mìíràn wà tí mo máa fi ẹnu bà díẹ̀. Àkọ́kọ́, erbium kì í gbé gbogbo àwọ̀ ga bákan náà. Bí àwọ̀ kan bá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá péré ju èkejì lọ ní amplifáyà kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn amplifáyà 100, á ti di ìlọ́po tó ju 13,000 lọ, èkejì á sì ti rì sínú ariwo. Nítorí náà, inú rípítà kọ̀ọ̀kan ni asẹ́ kan wà tó ń dín àwọn àwọ̀ tó ń yájú kù, kí gbogbo wọn lè dọ́gba. Èkejì, a ò lè borí ariwo nípa fífi agbára kún ìmọ́lẹ̀ láìdúró, torí ìmọ́lẹ̀ tó bá le jù ń yí ìwà gíláàsì tó ń gbà á kọjá padà, àwọn àwọ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í da ara wọn rú. Ariwo wà nísàlẹ̀, ìdàrúdàpọ̀ yìí wà lókè, àárín méjèèjì ni gbogbo kébù ń gbà kọjá.

Iná wọn wá ńkọ́? Èkó ló ń fún wọn, Pọ́rtúgàl náà sì ń fún wọn. Yàtọ̀ sí fáíbà, kébù náà ní bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó yí àárín rẹ̀ ká, wáyà irin tí kì í jẹ́ kó já, àti ọ̀rá líle tó bò ó lókè. Níbi tí òkun ti jìn, gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ kì í nípọn ju bí 17 sí 20 mílímítà lọ. Láti ilé iṣẹ́ tó wà létíkun, ẹ̀rọ kan ń ti iná DC, irú ti bátìrì, sínú bàbà yẹn. Kọ́rẹ́ǹtì rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí áńpíà 1, wọn kì í sì í jẹ́ kó yí padà. Fọ́ọ̀tì rẹ̀ lè lọ sókè dé 10,000 tàbí 15,000. Wáyà kejì tó yẹ kó gbé iná padà sílé ò sí rárá: omi òkun ló ń gbé e padà. Etíkun kan ń fi pọ́sítíìfù tì í, etíkun kejì ń fi nẹ́gétíìfù fà á. Àwọn rípítà tò tẹ̀lé ara wọn lórí bàbà kan náà yìí, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń mú ìwọ̀nba fọ́ọ̀tì tó tó o, ó sì ń jẹ́ kí kọ́rẹ́ǹtì kọjá lọ bá èyí tó kàn.

Áńpíà 1 lórí fọ́ọ̀tì 15,000 jẹ́ kílówáàtì 15. Ọ̀pọ̀ ilé ìtura ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló ní jẹ́nẹ́rétọ̀ tó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń dé ọ̀dọ̀ rípítà: bàbà náà, bí kìlómítà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan bá ń dènà kọ́rẹ́ǹtì ní bí óòmù 1, á ti gba fọ́ọ̀tì 7,000 lórí ọ̀nà 7,000 kìlómítà kí rípítà kankan tó jẹ tirẹ̀. Ohun tó ń dín agbára kébù kù lónìí nìyẹn. Kì í ṣe ìmọ́lẹ̀, kì í ṣe lésà. Oúnjẹ tó lè dé àárín òkun ni.

Kò sì sí ẹni tó máa wọ ibú lọ tún rípítà ṣe. Wọ́n ń retí kó ṣiṣẹ́ fún ọdún 25, nísàlẹ̀ omi tó lè jìn ju 5,000 mítà lọ, níbi tí omi ti ń tẹ̀ ẹ́ ní ìlọ́po 500 bí afẹ́fẹ́ ṣe ń tẹ̀ wá lórí ilẹ̀. Àpótí àdàpọ̀ bàbà àti beryllium ni wọ́n sábà máa ń kó o sí. Lésà tó ń bọ́ erbium kì í sì í dá wà: wọ́n máa ń da ìmọ́lẹ̀ lésà méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ pọ̀, wọ́n á wá pín in fún fáíbà tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀, kí fáíbà kankan má bàa kú nígbà tí lésà kan bá kú. Mo máa ń gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń fi tẹ́rábíìtì yangàn. Èmi ò kóyán rẹ̀ kéré, àmọ́ iṣẹ́ ọwọ́ tí mo ń bọ̀wọ̀ fún jù ni àpótí tó lè wà nínú òkùnkùn bẹ́ẹ̀ fún ọdún 25 láìní olùtọ́jú.

Ọ̀rọ̀ iná yìí náà ló ṣàlàyé ìdí tí àwọn kébù tuntun fi yàtọ̀ sí ti àtijọ́. Claude Shannon fi ìṣirò hàn ní 1948 pé agbára kì í ra dátà ní ìwọ̀n kan náà títí. Bí ìgbì kan bá ń gbé bíìtì 4, tí o sì sọ agbára rẹ̀ di ìlọ́po méjì, á di nǹkan bí 5 péré. Ṣùgbọ́n bí o bá mú agbára tí o fi kún un yẹn, tí o fi tan fáíbà kejì, o ní 8. Nítorí náà, dípò kí wọ́n máa rọ́ iná sínú fáíbà méjì tàbí mẹ́rin, àwọn tó ń ṣe kébù bẹ̀rẹ̀ sí í pín in tín-ín-rín sórí fáíbà púpọ̀. MainOne, tó dé Èkó láti Pọ́rtúgàl ní 2010, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ètò 1.92 tẹ́rábíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Equiano ti Google, tí wọ́n fi orúkọ Olaudah Equiano sọ, tó sì gúnlẹ̀ sí Èkó ní oṣù Kẹrin 2022, ní fáíbà méjì-méjì lọ́nà 12, ètò rẹ̀ sì jẹ́ 144 tẹ́rábíìtì. Púpọ̀ nínú ìyàtọ̀ yẹn wá láti inú ẹ̀rọ etíkun tó ti gbọ́n sí i. Ìyókù wá láti inú ọgbọ́n pínpín iná yìí.

Ó ṣeé ṣe kó o rántí ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2024, nígbà tí àwọn kébù MainOne, WACS, ACE àti SAT-3 bàjẹ́ lọ́kánkán Abidjan, tí íntánẹ́ẹ̀tì sì rọ káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Amplifáyà kò lè ṣe nǹkan kan sí ìyẹn; ìmọ́lẹ̀ tí kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò lè gbé e ga. Síbẹ̀, iná tí à ń sọ yìí wúlò níbẹ̀. Bí kébù bá já, tí bàbà rẹ̀ sì kan omi, kọ́rẹ́ǹtì á rí ilẹ̀ níbi tó ti já. Àwọn tó wà létíkun á wọn iye fọ́ọ̀tì tó ń gba kí kọ́rẹ́ǹtì náà tó lè dé ibẹ̀, wọ́n á fi mọ iye kìlómítà tó wà láàárín, ọkọ̀ ojú omi á sì mọ ibi tó máa lọ. Equiano ò sí nínú àwọn tó já lọ́jọ́ náà, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ sì kó ẹrù wọn sórí rẹ̀.

Ó ku àwọn tó ń gbá géèmù. Nínú gíláàsì, ìmọ́lẹ̀ ń sáré bí 200,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Èkó sí Pọ́rtúgàl, ní 7,000 kìlómítà, gba mílísẹ́kọ́ǹdì 35, àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 70. Kò sí owó tó lè dín ìyẹn kù lórí kébù yẹn. Ká ní rípítà 100 wà lójú ọ̀nà náà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní fáíbà onierbium 20 mítà, kìlómítà 2 péré ni gbogbo wọn fi kún ìrìn àjò: ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mílísẹ́kọ́ǹdì kan. Èkó sí Ògbómọ̀ṣọ́ kò ju mílísẹ́kọ́ǹdì díẹ̀ lọ ní àlọ àti àbọ̀. Nítorí náà, bí sáfà géèmù náà bá wà ní Pọ́rtúgàl tàbí nítòsí rẹ̀, ohunkóhun tó bá ju bí 80 lọ, orí ilẹ̀ ni kó o ti wá a.

Ṣe báyìí: jókòó sí yàrá ẹ̀yìn ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́, nígbà tí gbogbo họ́sítẹ́ẹ̀lì wà lórí Wi-Fi, kí o fi ping, àṣẹ tó ń wọn ìdádúró, kan ráútà tìrẹ. Tẹ̀ lé e pẹ̀lú sáfà kan ní Èkó, lẹ́yìn náà èyí tí géèmù náà ń lò. Tún gbogbo rẹ̀ ṣe ní aago márùn-ún àárọ̀. Bí ráútà tìrẹ, tí kò ju ìgbésẹ̀ díẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ rẹ, bá ń gba 30 tàbí 40 mílísẹ́kọ́ǹdì lálẹ́, rípítà Wi-Fi yẹn ló jẹ̀bi: fa wáyà ẹ́tánẹ́ẹ̀tì láti ọ̀dọ̀ ráútà dé yàrá ẹ̀yìn, kí o gbé access point síbẹ̀ dípò rẹ̀, ìdajì eré tí o pàdánù á sì padà. Bí ó bá jẹ́ pé láàárín ìwọ àti Èkó ni nọ́ńbà ti ń fò sókè lálẹ́, tó sì ń rọ̀ láàárọ̀, ìlà tí wọ́n ń tà fún ọ ló kún jù. Kọ nọ́ńbà méjèèjì sílẹ̀ pẹ̀lú aago wọn, kí o sì gbé e lọ bá ẹni tó ń ta dátà fún ọ.